Owó oúnjẹ bùkà ti lé: ṣé ohun tó wà nínú àwo ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹni tó bá mú 1,000 náírà wọ bùkà amàlà n'Ìbàdàn lè jẹ àjẹyó: amàlà, àbùlà, ẹran méjì, omi inú ọ̀rá, kí ṣẹ́ńjì díẹ̀ sì tún wọ àpò rẹ̀ padà. Lónìí, ní ọ̀pọ̀ ibi, 1,000 kan náà kò lè gbé ẹni tí ebi ń pa débì kan. Amàlà á kéré, ẹran á di ẹyọ kan, ẹyọ kan náà á sì kéré débi pé èèyàn á máa ṣọ́ ọ di òkèlè ìkẹyìn. Gbogbo wa la mọ èyí. Ìbéèrè kejì ni a kì í sábà fara balẹ̀ bi ara wa: owó tó lé yìí, ṣé oúnjẹ náà ṣì dára bó ṣe dára tẹ́lẹ̀, àbí ohun tó ti burú sí i là ń san owó gọbọi lé lórí?

Mo máa sọ èrò mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú owó tí àwọn ìyá olóńjẹ fi lé oúnjẹ ló nídìí, ẹni tó bá sì mọ ọjà kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Ohun tó yẹ kó ká wa lára ni èyí tí wọ́n ń yọ kúrò nínú ìkòkò, tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ níbẹ̀, láìsọ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Oúnjẹ ìta kì í ṣe fàájì

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹni tí owó bùkà bá pọ̀ jù fún lọ dáná nílé. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kó tó wọlé. Awakọ̀, bíríkìlà, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá tí kò ní kíṣíìnì, ọlọ́jà tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, bùkà ni kíṣíìnì wọn. Ìwádìí tí NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ṣe lórí bí ìdílé ṣe náwó ní 2019 fi hàn pé nínú gbogbo 100 náírà tí ìdílé ná, ó lé ní 56 tó bá oúnjẹ lọ, oúnjẹ tí wọ́n sì jẹ níta ló kó owó jù lọ nínú gbogbo ẹ̀yà oúnjẹ. Nígbà tí àjọ náà tún òṣùwọ̀n tó fi ń wọn ọ̀wọ́ngógó ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìpín ilé oúnjẹ àti ilé ìgbàlejò, tó jẹ́ bí 1 péré nínú 100 tẹ́lẹ̀, fò di bí 13. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé oúnjẹ ìta ti di ara ìgbésí ayé gbogbo ìlú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 ni 70,000 náírà. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ oúnjẹ 1,500 náírà lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, 33,000 ti lọ. Kò tíì wọkọ̀, kò tíì san owó ilé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì tíì jẹun. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n ẹran nínú àwo fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jókòó lé lórí.

Bí owó ṣe ń rìn dé inú àwo

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Bẹntiróòlù tó wà ní bíi 190 náírà fún lítà kan fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kọjá 600 nínú oṣù keje, nígbà tó sì fi máa di ìparí 2024 ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Oṣù tó tẹ̀ lé ìkéde yẹn ni báńkì àpapọ̀ CBN fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó jẹ́ bíi 470 náírà nígbà náà ti lé ní 1,500 kí oṣù kẹta 2024 tó wọlé. Ní oṣù kẹfà 2024, NBS ní owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju bó ṣe wà ní oṣù kẹfà ọdún tó ṣáájú.

A ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú wa. Ohun tó là mí lójú ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kéèyàn tẹ̀ lé ẹrù kan ṣoṣo láti oko dé inú àwo. Ẹ jẹ́ ká mú èlùbọ́.

Iṣu ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń gé, tí wọ́n ń bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kí wọ́n tó sá a sóòrùn títí á fi di gbodó. Gbodó ni wọ́n ń gbé lọ sí ẹ̀rọ kó tó di èlùbọ́. Omi ló pọ̀ jù nínú iṣu tútù, nítorí náà òkìtì iṣu ńlá á gbẹ, á di ẹrù tí ọmọdé lè rù. Àgbẹ̀ Ṣakí tàbí Kìṣí tó ní iṣu lọ́wọ́ á wá rò ó: ṣé kí n tà á ní tútù fún àwọn tó ń kó o lọ Èkó, àbí kí n gbẹ ẹ́? Bí iṣu tútù bá ti lówó lórí, gbodó á wọ́n, torí kò sẹ́ni tó máa sá iṣu olówó iyebíye sóòrùn bí kò bá rí èrè níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn dé ọjà Bódìjà, owó àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà, owó alábàárù, owó dísù ẹ̀rọ tó lọ̀ ọ́. Ìbẹ̀rù ajínigbé tún ti lé àwọn kan kúrò lóko tó jìnnà. Ìgbà tí ìyá olóńjẹ bá fi máa wọn kóńgò èlùbọ́ kan sínú omi híhó, èèyàn bíi mẹ́wàá ló ti bá a ná owó epo wọn sórí rẹ̀.

Ẹran ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Màlúù tí à ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti Òkè Ọya, Niger àti Chad ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ọkọ̀ akẹ́rù tó sì ń gbé e, dísù ló ń mu. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò NBS, lítà dísù kan tó jẹ́ bíi 288 náírà ní oṣù kìíní 2022 ti kọjá 800 kí ọdún náà tó parí, lẹ́yìn tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ orílẹ̀-èdè náà, kò sì ṣí i títí di oṣù kẹta 2024. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí pọ̀nmọ́ tí à ń fi ṣẹ̀sín nígbà kan fi di ohun tí à ń ná owó lé, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Gáàsì ìdáná náà gbówó lórí gan-an, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ bùkà padà sídìí igi àti èédú. Láti oṣù kẹrin 2024, ẹni tó bá wà lórí ìlà iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní Band A bẹ̀rẹ̀ sí í san 225 náírà fún ìwọ̀n iná tó ń ra ní 68 tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ. Òfin tó dára ni fún gọ́tà ìlú, ṣùgbọ́n ike tó rọ́pò rẹ̀ wọ́n jù ú lọ, oníbàárà ló sì ń san án.

Ohun tó ń kúrò nínú ìkòkò

Ìyá olóńjẹ tí ọjà bá ti lé mọ́ lọ́wọ́ lè fi owó lé oúnjẹ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á láti ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó mọ̀ pé àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ òun kò rí owó kún owó wọn, bùkà mìíràn sì wà níwájú. Ó lè dín òṣùwọ̀n kù: ìgbákọ á kéré, ẹran tí wọ́n ń gé sí ogún á di èyí tí wọ́n ń gé sí ọgbọ̀n. Èyí kò dùn mọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí i, ó sì lè sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹran yìí mà kéré o." "Ọmọ mi, màlúù ló wọ́n, ẹ máa bínú." Ọ̀rọ̀ ti yé àwọn méjèèjì.

Nǹkan kẹta ni pípààrọ̀, ibẹ̀ sì ni ojú oníbàárà kò dé.

Ẹ wo amàlà fúnra rẹ̀. Láfún, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kò wọ́n tó èlùbọ́ iṣu, bí iṣu bá sì ti wọ́n, wọ́n á máa fi láfún lú u. Láfún kì í ṣe oúnjẹ burúkú o. Kò sí ará Abẹ́òkúta tó máa gbà kéèyàn bú amàlà láfún lójú òun, òótọ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó burú ni kí wọ́n gba owó iṣu lọ́wọ́ mi, kí wọ́n wá fún mi ní ẹ̀gẹ́. Ẹni tó mọ amàlà iṣu á rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òórùn gbodó kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Gbẹ̀gìrì ló tún jìyà jù ní 2024, nígbà tí owó kóńgò ẹ̀wà lé kọjá ààlà. Ní bùkà kan, gbẹ̀gìrì di omi tí wọ́n fi epo pa láró. Ní òmíràn, wọ́n sọ pé kò sí mọ́, kí èèyàn máa fi ewédú nìkan jẹ ẹ́, ní owó kan náà. Mo fara mọ́ èkejì ju èkíní lọ, torí ó kéré tán wọ́n sọ fún mi.

Ọdún kan náà ni kòkòrò Tuta absoluta, tí àwọn èèyàn sọ ní Ẹ̀bólà tòmátì, tún ṣọṣẹ́ ní oko Kàdúná, Kánò àti Katsina, apẹ̀rẹ̀ ńlá tòmátì sì kọjá 100,000 náírà l'Ékòó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kárọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà mọ́ ata. Ìyẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ọgbọ́n ìyá ilé ni. Tòmátì tó ti rà, tó ń ṣomi, tí wọ́n ń kó jọ ní ẹ̀gbẹ́ ọjà tí wọ́n sì ń tà lówó pọ́ọ́kú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Iyọ̀ àti èròjà amọ́bẹ̀dùn lè bo adùn tó bà jẹ́ mọ́lẹ̀, kò lè wo tòmátì náà sàn.

Lẹ́yìn náà ló kan epo. Òróró tí wọ́n fi dín ẹja lánàá, tí wọ́n fi dín ẹran lónìí, tí wọ́n sì máa fi dín dòdò lọ́la, á máa dúdú sí i, á sì máa yọ èéfín kíákíá. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa epo pupa tí àwọn oníṣòwò kan ń fi aró Sudan pa láró kó lè pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìyá olóńjẹ tó ra irú rẹ̀ lè má mọ̀. Owó tó dínkù ló rí.

Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni parasitamọ́ọ̀lù. NAFDAC ti sọ̀rọ̀ gbangba nípa àwọn tó ń sọ oògùn yìí sínú ìkòkò kí ẹran tàbí ẹ̀wà lè tètè rọ̀, wọ́n sì ṣàlàyé pé ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ wo bí èyí ṣe so mọ́ ọ̀rọ̀ owó: ẹran màlúù tó le gba gáàsì púpọ̀ kó tó rọ̀, gáàsì sì ti di góòlù, ẹnìkan á wá máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Káún tí àwọn ìyá wa ń fi sínú ẹ̀wà àti ewédú ti wà láti ìgbà ìwásẹ̀, díẹ̀ bín-ín-tín sì ni wọ́n ń fi sí i. Oògùn ìrora kò sí lára èròjà ọbẹ̀ rí. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run: ẹni tó bá ṣe èyí sí oúnjẹ tí ẹlòmíràn máa jẹ ti kúrò ní oníṣòwò tí nǹkan le fún.

N kò sọ pé bùkà gbogbo ló ń ṣe báyìí. Ọ̀pọ̀ ìyá olóńjẹ ni mo mọ̀ tí wọ́n fara mọ́ kí èrè wọn kéré ju kí orúkọ wọn bàjẹ́, torí àwọn kan náà ló ń padà wá jẹun lójoojúmọ́, ahọ́n wọn sì mú. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nígbà tí a bá ń fi dandan lé e pé kí owó má lé, tí à ń yẹ̀yẹ́ ẹni tó fi 200 náírà lé oúnjẹ rẹ̀, à ń ti àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára síhà pípààrọ̀. Kí wọ́n fi owó lé e ní gbangba, kí ẹni tó lè san án san án, kí ẹni tí kò lè san án dín iye òkèlè rẹ̀ kù. Ìyẹn sàn ju àìsàn lọ.

Àwọn ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù

Láti 1986 tí UAC ti ṣí Mr Bigg's ní Marina, l'Ékòó, ni irú ilé oúnjẹ yìí ti di ara ìlú wa. Ìnáwó wọn yàtọ̀ sí ti bùkà: dísù fún jẹnẹrétọ̀, owó ilé ní òpópónà ńlá, owó òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ kan náà. Owó-orí tún wà níbẹ̀. VAT ti wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù kejì 2020, òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2009 sì fi ìdá 5 lé owó oúnjẹ ní ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì. Níbi tí wọ́n bá ti gba méjèèjì, oúnjẹ 10,000 náírà á di 11,250. Bí ẹ bá tún rí owó tí wọ́n ń pè ní service charge nísàlẹ̀ rìsíìtì, ìyẹn kì í ṣe owó-orí. Ilé oúnjẹ náà ló ń gbà á, ẹ sì lè béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe.

Bí ẹ bá bi mí léèrè, ibẹ̀ ni oúnjẹ ti jìnnà sí owó rẹ̀ jù lọ. Ìrẹsì tí wọ́n sè láàárọ̀ tó wà nínú gíláàsì tó ń gbóná títí di ọ̀sán, adìyẹ tó ń kéré sí i lọ́dọọdún, dòdò mẹ́rin tí èèyàn lè kà: ìjókòó, atẹ́gùn tútù àti ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ là ń rà níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn ra ìyẹn, bó bá ti mọ̀ pé òun ló ń rà. Àwọn tó ń fi fóònù ránṣẹ́ ra oúnjẹ ní láti mọ̀ pé iléeṣẹ́ tó ń gbé e wá ń gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ olóńjẹ, ìdí sì nìyẹn tí oúnjẹ kan náà fi sábà máa ń wọ́n lórí fóònù ju bó ṣe wà lórí káńtà lọ.

Ọjà ti rọ̀, àwo kò rọ̀

Ìbéèrè tó gba ẹnu gbogbo èèyàn ní 2025 ni pé, bí gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà ṣe ń wálẹ̀ ní ọjà, kí ló dé tí oúnjẹ bùkà kò wálẹ̀? Òótọ́ ni pé ọjà rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní oṣù keje 2024 pé fún ọjọ́ 150, wọn kò ní gba owó ẹnubodè lórí àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì lọ̀ ọ́ di funfun. Ìkórè náà sì dára ní àwọn ibì kan. NBS ní ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ ti dín kù sí ìdá 16.87 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tí èyí túmọ̀ sí: owó oúnjẹ lápapọ̀ ṣì ga ju bó ṣe wà ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú lọ, iye tó fi ga ló dín kù. Òṣùwọ̀n tuntun ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà kò ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ 40.87 ti 2024 bí ẹni fi ìka wé ìka.

Ẹran kò wálẹ̀ bí ìrẹsì ṣe wálẹ̀. Owó ilé kì í wálẹ̀. Ọmọ tó ń fọ àwo ti gba àfikún owó, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gbà á padà. Ọ̀pọ̀ olóńjẹ ló sì jẹ gbèsè ní 2024, nígbà tí wọ́n ń ta oúnjẹ kí oníbàárà má baà lọ, tí wọ́n ń rà á ní owó tuntun lọ́jọ́ kejì. Èrè díẹ̀ tó yọjú báyìí, gbèsè yẹn ló ń gbé e mì. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ibẹ̀. Ibi tí n kò ti gbà ni pé kí owó dúró sókè, kí òṣùwọ̀n sì dúró nísàlẹ̀.

Òfin kò dákẹ́ pátápátá. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018, tó wà lọ́wọ́ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé kí ọlọ́jà kọ iye ọjà síta, kó má sì gba ju iye tó kọ lọ. Báwọn bùkà ṣe pọ̀ tó, àjọ Abuja kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó lè dé ibẹ̀ ni wolé-wolé, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba ìbílẹ̀, tí àwọn òbí wa máa ń tìtorí wọn gbálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fún wọn ní irinṣẹ́ àti owó oṣù tó yẹ, tí wọ́n ń yẹ epo, omi àti ẹran wò dípò kí wọ́n máa wá owó tíkẹ́ẹ̀tì, a máa rí ìyàtọ̀ ju ìkéde èyíkéyìí lọ.

Ní tàwọn olóńjẹ, ohun kan wà tí kò gba owó. Kí wọ́n kọ ọ́ sára pátákó: ìgbákọ kan, iye báyìí, ẹran kékeré, iye báyìí, ẹran ńlá, iye báyìí, amàlà iṣu lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n fi láfún lú lọ́tọ̀, kí tálákà lè yan èyí tí agbára rẹ̀ ká. Ẹ̀wà ti wálẹ̀ lọ́jà, ó sì yẹ kí gbẹ̀gìrì tó ki ti padà. Bí kò bá tíì padà níbi tí ẹ ti ń jẹun, ẹ bi ìyá olóńjẹ léèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nígbà tí èrò kò bá pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.